Ìyàwó Ti Padà Wálé

Ìró kan dún lábẹ́ ilẹ̀ bàálù, gbì, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìgúnpá gbá ilẹ̀kùn, obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ti gbé e. Ó di ọwọ́ àga mú, ó ń retí ìró kejì. Kò dún. Ẹsẹ̀ bàálù ló ká wọlé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti gbọ́ ìró yẹn ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ láyé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé ọjọ́ tí kò bá dún ni kí wọ́n bẹ̀rù. Síbẹ̀ ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan?" ni ìyá àgbàlagbà tó jókòó tì í béèrè.

"Kò sí nǹkan, mà."

"Ó dáa. Mo rí i tí ò ń tẹ́tí bíi dókítà tó gbé nǹkan lé àyà aláìsàn. Mo ní bóyá ìwọ lo mọ ohun tó ń ṣe é." Ìyá náà fa bẹ́líìtì rẹ̀ mọ́ra. "Àwa tí a ò mọ nǹkan kan, àwa la máa ń rí oorun sùn."

Ó sì sùn lóòótọ́, kí kùrukùru tó bo fèrèsé.

Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí ẹnikẹ́ni ti pe obìnrin náà ní Abẹ́rẹ́ kẹ́yìn. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ni olórí àwọn tó ń yẹ bàálù wò nígbà tí àwọn mẹkáníìkì bá ti tún un ṣe tán. Bí kò bá fọwọ́ sí ìwé, bàálù kò gbọdọ̀ gbéra. Nílé, Ìyá Àwọn Ọmọ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, fóònù rẹ̀ dún níbi tó ti ń gé àlùbọ́sà, nọ́mbà tí kò mọ̀, ohùn kan sì sọ pé, "Abẹ́rẹ́." Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àgbà ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. Kò béèrè àlàáfíà ilé. Ó ní, "Ìyàwó ti padà wálé. Wá lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti pe ẹnì kẹta wa. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti orí fóònù, ṣùgbọ́n má bẹ̀rù, ìròyìn ayọ̀ ni."

Má bẹ̀rù. Ẹni tó bá ní kí a má bẹ̀rù ti mọ ibi tí ẹ̀rù wà.

Ìyàwó kì í ṣe èèyàn. Bàálù ni. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, tuntun ni, ó funfun láúláú, òórùn rẹ̀ dà bí ti aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ọ̀rá, gbogbo èèyàn ló sì fẹ́ fọwọ́ kàn án, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà nínú ilé ńlá tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe: Àgbà, tó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀; Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi; àti òun, tó tín-ín-rín débi pé kò sí ihò lára bàálù tí kò lè wọ̀. Àpótí irinṣẹ́ kan ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò, àpótí kẹrin. Fóòmù ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gé ibùsùn fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú fóòmù náà, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá sọnù, àyè rẹ̀ á là sílẹ̀ bí ẹnu tí eyín ti ká. Òfin iṣẹ́ náà kò ṣòro: kí bàálù tó kúrò, ẹ ṣí àpótí, ẹ wo gbogbo ibùsùn. Bí ẹyọ kan bá ṣófo, bàálù ò lọ síbì kankan. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹnì kan á fọwọ́ sí ìwé.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, sípánà tó kéré jù nínú àpótí náà di àwátì. Wọ́n wá a títí ilẹ̀ fi mọ́. Èrò ti kún pápákọ̀, ọ̀gá wọn ń fi fóònù bú wọn. Àgbà ló sáré lọ jí ẹni tó ń ta irinṣẹ́ lẹ́yìn ọgbà, ó ra irú sípánà náà, ó fi dí àyè tó ṣófo. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dúró ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ fọwọ́ sí ìwé. Ìyàwó gbéra, ó balẹ̀ láyọ̀, ó tún gbéra lọ́jọ́ kejì, nígbà tó sì di ọdún kejì, wọ́n tà á sí òkèèrè.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn méjì yòókù kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n bi Abẹ́rẹ́ léèrè ibi tó ti lo sípánà náà gbẹ̀yìn, ó ní orí tábìlì ni òun gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú gọ́tà. Kò gbé e sórí tábìlì. Inú ihò ìdí ìrù ló ti lò ó gbẹ̀yìn, ibi tóóró tó ṣókùnkùn, tí àwọn okùn irin tó ń darí bàálù gbà kọjá, tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè fàyà fà wọ̀ ọ́. Ó rántí pé àárín eyín ni òun fi sípánà náà sí nígbà tí òun ń wọlé. Kò rántí pé ó wà lẹ́nu òun nígbà tí òun jáde. Ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, wọn ì bá tú ìdí ìrù náà palẹ̀, ọjọ́ kan odindi, wọn ì bá sì lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kó tó di ọ̀sán. Nítorí náà ó pa irọ́ kan, irọ́ tín-ín-rín bí òun alára.

Irin tó bá wà nínú ihò bẹ́ẹ̀ lè sùn fún ogún ọdún. Ó sì lè jẹ́ pé lọ́jọ́ kan tí ìjì bá gbọn bàálù, yóò yí ẹyọ kan péré, yóò há sáàárín okùn.

Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Kùrukùru náà là, ìlú tó ti kọ́ṣẹ́ sì yọ sí i lábẹ́ apá bàálù, òrùlé lórí òrùlé, àti ilé àtúnṣe náà fúnra rẹ̀ lẹ́bàá pápá, tó bà sílẹ̀ láwọ̀ eérú bí ẹran ńlá tó ń sinmi.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ rí níta. Orí rẹ̀ ti pá, ikùn rẹ̀ sì ń ṣáájú rẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n ẹnu náà ni ẹnu.

"Ta nìyí? Ṣé Abẹ́rẹ́ ọjọ́sí náà ló di òpó iná báyìí?"

"Gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìwọ tí o gbé oyún oṣù mẹ́sàn-án dúró sí gbangba."

"Oyún kọ́, ọrọ̀ ni." Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé o gun nǹkan yẹn wá lóòótọ́?" Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sókè, kò wo òkè.

"Kí ni ìwọ gùn?"

"Bọ́ọ̀sì. Wákàtí mọ́kànlá. Ìdí mi ti kú, mi ò mọ̀ bóyá ó máa jí. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì, bó bá bàjẹ́, o máa sọ̀ kalẹ̀, o máa ra ẹ̀pà, o máa bú dẹ́rẹ́bà."

"O ṣì ń tún fíríìjì ṣe?"

"Fíríìjì ni. Kò tíì sí fíríìjì kan tó já láti òfurufú."

Ó rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Wákàtí kan péré ló wà láàárín ìlú tí Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń gbé àti ìlú tirẹ̀. Láti ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ẹni tó kọjá lọ kí ẹnì kejì rí. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló mọṣẹ́ náà jù. Á fetí sí ẹ́ńjìnnì, á sọ ohun tó ń ṣe é kí wọ́n tó ṣí i. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ sípánà, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó, kò padà wá mọ́.

Àgbà ti di olórí ilé àtúnṣe náà. Yàrá rẹ̀ wà lókè àtẹ̀gùn irin, tábìlì kan, kẹ́tùlù kan, ìwé pelemọ pelemọ, fèrèsé tó kọjú sí ibi tí àwọn bàálù dúró sí. Ó ti sanra gan-an. Bó bá mí, ó ń dún fíìfíì nínú àyà rẹ̀. Ó gbá àwọn méjèèjì mọ́ra pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì tètè jọ̀wọ́ wọn.

"Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa fẹ̀yìn tì," ó ní. "Mi ò fẹ́ gbé e lọ sílé."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ohun kan tí wọ́n fi aṣọ wé jáde, ó tú u síwájú wọn lórí tábìlì.

Sípánà kékeré kan ni. Ó ti dógùn-ún. Nọ́mbà mẹ́rin wà lára ọwọ́ rẹ̀, nọ́mbà àpótí wọn.

"Wọ́n fọ́ ilẹ̀ ilé àtúnṣe nísàlẹ̀ yìí láti fi símẹ́ńtì tuntun sí i," Àgbà ní. "Inú gọ́tà ni mo ti rí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí tábìlì yẹn wà gan-an. Kò bá Ìyàwó lọ síbì kankan. Ibí ló wà látijọ́."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ na ọwọ́, ó mú sípánà náà, ó gbé e lé iwájú orí rẹ̀ bí ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná ṣe ń gbé omi tútù lé e.

"Ìyá àwọn ọmọ mi rò pé òkè ló ń bà mí lẹ́rù," ó ní nígbà tó yá. "Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní bàálù kan já níbì kan, kódà lẹ́yìn òkun, mi ò ní jẹun títí wọ́n á fi sọ èyí tó jẹ́."

"Mo mọ̀," Àgbà dáhùn jẹ́jẹ́. "Ṣé èmi kọ́ lò ń pè?"

Ohun kan ṣí nínú àyà Abẹ́rẹ́. Bóyá òun ló ṣì í rántí. Ọkàn èèyàn kì í ṣe ìwé. Ó lè ti kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Bóyá ó mú sípánà náà jáde lóòótọ́, ó gbé e sórí tábìlì lóòótọ́, ó já bọ́ sínú gọ́tà, tó sì jẹ́ pé irọ́ tó rò pé òun pa ni òótọ́ tó sọ. Ó fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

"Gbé e wá kí n rí i," ó ní.

Ojú rẹ̀ ló fà á, kì í ṣe òun. Ojú tó ti ń yẹ irin wò láti ọdún wọ̀nyẹn kì í mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Ó yí sípánà náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ìpẹtà bo gbogbo ara rẹ̀, ó pupa, ó rí hápahàpa. Ṣùgbọ́n inú nọ́mbà náà ń dán. Ìsàlẹ̀ ojú ọnà tí wọ́n fín mọ́ tónítóní bí eyín ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ irin tó bá ti pẹ́ nínú gọ́tà, ibi tí wọ́n ti fín in gan-an ni ìpẹtà máa kọ́kọ́ jẹ. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà ló kọ́kọ́ dé ara sípánà yìí, kí nọ́mbà tó dé. Ẹnì kan ti wá sípánà àlòkù kan rí, ó jókòó, ó fín nọ́mbà mẹ́rin sí i lára, bóyá nínú ọ̀sẹ̀ yìí.

Nígbà tó gbé ojú sókè, Àgbà ń wò ó. Kò ṣẹ́jú. Ojú náà ń bẹ̀ ẹ́.

Ó dá sípánà náà padà sórí aṣọ.

"Òun náà ni?" Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ béèrè.

Ó gbọ́ tí ohùn tirẹ̀ dáhùn pé, "Nọ́mbà wa ló wà lára rẹ̀."

"Ṣé ẹ rí i?" Àgbà yára gba ọ̀rọ̀ náà. Ó mú ìwé mẹ́ta jáde lápò àyà rẹ̀. "Aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ yìí ni Ìyàwó máa gbé èrò fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti padà dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà lọ́wọ́ mi, èmi ni mo fọwọ́ sí i láàárọ̀ yìí. Ìlú rẹ ló ń lọ, Abẹ́rẹ́. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀nà tí ẹ̀rù gbà wọlé ló yẹ kó gbà jáde."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wo tíkẹ́ẹ̀tì náà pẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Ẹ ní kí wọ́n fún mi níbi fèrèsé," ó ní.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ wo bàálù náà. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ tuntun, ìlà búlúù kan gba ara rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ ì bá mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Òórùn epo, òórùn rọ́bà gbígbóná. Níbi gíga kan nínú òrùlé, páànù kan ń lu igi, á lù ú, á dákẹ́, á tún lù ú. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lọ tààrà sí imú bàálù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì ń bá a sọ nǹkan lábẹ́ ohùn, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń kí ìbátan tó ti bá jà rí. Abẹ́rẹ́ fa Àgbà lápá lọ sábẹ́ ìrù.

"Ẹ̀yin lẹ fín nọ́mbà yẹn."

Àgbà kò sẹ́. "O mọ iye ìgbà tó pè mí lóṣù tó kọjá? Ìgbà mẹ́rìnlá. Ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ náà pè mí. Ó ní kì í sùn mọ́, ó ní kí ni mo ṣe fún ọkọ òun. Mo fẹ́ kí ó sùn, Abẹ́rẹ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Àgbà."

"Mo wá a. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo ibi tí mo lè dé ni mo ṣí. Kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e fún un kó dì í mú?" Àyà rẹ̀ ń dún. "Mò ń bá yín wọ̀ ọ́ lọ. Ṣé mo lè gbé ara mi sínú ohun tí mi ò fọkàn tán ni?"

Abẹ́rẹ́ gbé ojú sókè. Ilẹ̀kùn ihò náà wà níbẹ̀ lábẹ́ ìrù, kò fẹ̀ ju abọ́ ìgbóúnjẹ lọ, ìdè irin mẹ́fà ló dì í pa.

"Ta ló wọ ibí yìí?"

"Ta ni kó wọ̀ ọ́? Wò mí. A ṣí i, a tan tọ́ọ̀ṣì sí i, a rí ohun tí ojú lè rí, a dé e padà." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ bí wọ́n ṣe ń se omi. "Kí ni mo fẹ́ lọ wá síbẹ̀? Ìwọ lo ní orí tábìlì ni."

Ìwọ lo ní orí tábìlì ni. Kò sí ẹ̀sùn nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn ló burú jù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọkùnrin yìí gbà gbọ́ fún ọdún méjìlélógún, orí ọ̀rọ̀ náà ló sì kọ́ irọ́ tirẹ̀ lé, ó gbé e fún ọ̀rẹ́ wọn kó fi sun oorun.

Ó gbìyànjú láti tu ara rẹ̀ nínú. Láti ìgbà yẹn, wọ́n á ti tú Ìyàwó palẹ̀ ní òkèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kéré tán. Àwọn tó tú u á ti dé ihò yìí. Ṣùgbọ́n ó mọ àwọn tó ń tú bàálù. Òun ni wọ́n. Níbi iṣẹ́ tirẹ̀ náà, bí wọ́n bá dé irú ihò bẹ́ẹ̀, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, tí èrò ń dúró, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wọ́n á ní ó dáa, òun á sì fọwọ́ sí i.

Fóònù rẹ̀ gbọ̀n lápò. Ọkọ rẹ̀ ló kọ̀wé: *Ṣé kí a dúró dè ọ́ ká tó jẹun?* Ó kà á, kò dáhùn.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ a máa nàka sí i, á máa pòwe: abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó di ète, ọ̀rọ̀ balẹ̀, ó di èrò. Wọ́n á sì fi í rẹ́rìn-ín títí. Ó wá wà nídìí ète báyìí, kò sì rí ẹ̀rín níbẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ nìyẹn, àti owó ìfẹ̀yìntì Àgbà, àti bóyá ilé ẹjọ́ fún gbogbo wọn. Bí kò bá sọ ọ́, ó lè má sí nǹkan kan. Ó ti lé lógún ọdún tí kò sí nǹkan kan. Ó lè ní orí ń fọ́ òun, kó lọ wọ bọ́ọ̀sì wákàtí mọ́kànlá, kó jẹ́ kí àwọn yòókù máa lọ. Ó ro ìyẹn dé òpin, ó rí ara rẹ̀ nídìí fèrèsé bọ́ọ̀sì, tó ń wo òkè. Ojú tì í pé òun lè rò ó.

Ní aago márùn-ún, èrò ti tò sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà lọ wọ bàálù. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ń ka ìwé kan sókè fún ara rẹ̀, ó ń ṣì í kà, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan gbé ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn, ọmọ náà sì di etí ẹni tó wà lẹ́yìn wọn mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wà níwájú, ó fi ìka méjì di tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú bí ẹyin.

"Ẹ wo bàálù yẹn dáadáa," ó ń sọ fún àjèjì kan. "Èmi ni mo kọ́kọ́ fọ ojú rẹ̀ nígbà tó dé ilé ọkọ. Mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Lónìí ló máa san án padà fún mi."

Àjèjì náà rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ kò tíì rí Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ọ́. Ojú rẹ̀ ṣí. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀.

Ó kan òun. Obìnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì na ọwọ́ sí i. Kò fún un.

"Ẹ bá mi pe awakọ̀," ó ní.

"Mà?"

"Awakọ̀ bàálù yìí. Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́."

Wọ́n pè é. Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú ni, ohùn rẹ̀ tutù, àmọ́ ó ń wo aago. Abẹ́rẹ́ sọ iṣẹ́ tí òun ń ṣe fún un, ó sọ ipò òun. Ó ní nǹkan wà nínú ihò ìdí ìrù bàálù yìí, láàárín àwọn okùn irin, ó ní bí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i wọn ò ní rí i, èèyàn ló gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ dé òpin.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Níwájú, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yí padà. Fíìfíì inú àyà Àgbà, tó wà lẹ́yìn Abẹ́rẹ́, dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Awakọ̀ náà mú bírò jáde. Ó bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní kíkún, ti bàbá àti ti ọkọ, ó sọ nọ́mbà ìwé àṣẹ rẹ̀, ó sì dúró títí ọkùnrin náà fi kọ ọ́ tán.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní bàálù máa pẹ́ díẹ̀. Àwọn èrò kùn, wọ́n padà lọ jókòó.

"Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀," ni ọkùnrin oníkóòtù sọ. "Ìṣe wọn nìyẹn. Ẹni tó fa èyí, ẹ̀san á ké lé e lórí."

"Àmín," ni ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn rẹ̀.

Àgbà jókòó lórí àga gígùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń ka nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ jókòó tì í. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò jókòó. Ó dúró sídìí gíláàsì ńlá tó kọjú sí pápá, ó fi ẹ̀yìn kọ wọ́n. Oòrùn ti ń wọ̀, ó tan sára ìlà búlúù Ìyàwó.

"Orí tábìlì," Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní. Kò yíjú padà.

"Mo purọ́."

"Gbogbo àárọ̀ ni mo ń ki ọwọ́ bọ gọ́tà yẹn. Fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ tó dé ibi iṣẹ́. Mo mọ gbogbo òkúta inú rẹ̀. Nígbà tí Àgbà ní inú rẹ̀ lòun ti rí i, mo ní, á jẹ́ pé ọwọ́ mi ni kò gùn tó."

Abẹ́rẹ́ dìde, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sún mọ́ ọn jù. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò kúrò níbẹ̀.

Níta, wọ́n ti gbé àkàbà sábẹ́ ìrù. Wọ́n tú ìdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n gbé ilẹ̀kùn kékeré náà sílẹ̀. Obìnrin tín-ín-rín kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ funfun gun àkàbà náà, ó so tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí, ó sì ti orí bọ inú ihò. Èjìká rẹ̀ tẹ̀lé e, ó há díẹ̀, ó yí ẹ̀gbẹ́, ó wọlé.

Láti ọjọ́ tó ti pa irọ́ yẹn, Abẹ́rẹ́ rò pé ohun tí òun ń bẹ̀rù ni kí ẹnì kan ki ọwọ́ síbẹ̀ kó sì mú un jáde. Ó ń wo ẹsẹ̀ obìnrin náà tó ń mì lókè àkàbà, ó sì wá yé e pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá mú un jáde, ó tán. Wọ́n á lé e, wọ́n á pè é lẹ́jọ́, yóò sì mọ ibi tí sípánà náà wà. Ohun tó ń bẹ̀rù báyìí ni pé obìnrin yẹn lè jáde lọ́wọ́ òfo, kó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù, kó mi orí.

Bàtà méjì ló kù níta. Lẹ́yìn náà, ó ku ẹyọ kan.